Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba: ẹ bi ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é

Requirements analyst ni mí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba ni mo sì máa ń ṣe jù. Tí ìjọba bá fẹ́ gbé nǹkan kúrò nínú fáìlì sórí kọ̀ǹpútà, owó oṣù ni o, ìwé ilẹ̀ ni o, kí àwọn tó ń kọ software tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an àti òfin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kó wá kọ ọ́ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá kà á ò ní túmọ̀ ẹ̀ sí nǹkan míì. Tí nǹkan bá bàjẹ́, network làwọn èèyàn máa ń bú, àbí àwọn tó kọ software. Lójú tèmi, inú ìwé yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ wo IPPIS tí wọ́n fi ń san owó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. 2007 ló bẹ̀rẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ ayédèrú tó ń gba owó lórí ìwé, ìdí yẹn dáa. Ó bá òṣìṣẹ́ secretariat mu: èèyàn kan, ọ́fíìsì kan, grade level kan, tó bá pé ọmọ ọdún 60 tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ó lọlé. Ìgbà tó di 2019, Ààrẹ Buhari ní gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wọbẹ̀ kí oṣù kẹwàá tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sówó, bí wọ́n ṣe kó àwọn olùkọ́ yunifásítì náà mọ́ ọn nìyẹn. Iṣẹ́ yunifásítì ò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Olùkọ́ lè wà n'Íbàdàn kó lọ lo sabbatical ọdún kan n'Ílọrin (ìyẹn ni pé wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fún ọdún kan kó lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì), ó lè máa kọ́ni níbòmíì bí adjunct, ìyẹn olùkọ́ tí kì í ṣe tibẹ̀ pátápátá, àjẹmọ́nú tiwọn yàtọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń ṣiṣẹ́ títí di ọmọ 70 ọdún, àwọn olùkọ́ tó kù 65, òfin 2012 ló sọ bẹ́ẹ̀. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, pariwo, wọ́n kọ UTAS tiwọn, software ìsanwó tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n lò dípò IPPIS, ìyanṣẹ́lódì 2020 tó bẹ̀rẹ̀ ní March tó wọ December, ọ̀rọ̀ IPPIS wà nínú ẹ̀. December 2023 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tó wá ní kí yunifásítì, poly àti college of education jáde níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé sabbatical kì í ṣe àṣírí. Akọ̀wé tó ń ṣètò owó ní bursary yunifásítì èyíkéyìí lè ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín lójú kan náà. Àwọn ọmọ tó jókòó sílé ní gbogbo oṣù yẹn, àwọn ni mo máa ń rò.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń dúró lọ́dọ̀ dírẹ́kítọ̀ nìkan. Wọ́n á sọ iṣẹ́ náà fún yín bó ṣe wà nínú circular, wọn ò purọ́ o, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣe é ni. Lẹ́yìn ìyẹn màá lọ sí registry, sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ti wà níbẹ̀ látìgbà typewriter, màá ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo nínú àwọn fáìlì yìí ló dà yín láàmú jù?" Màá bẹ̀bẹ̀ fún fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ nǹkan sí, èyí tó ṣófo ò wúlò fún mi. Ibi tí wọ́n bá ti fi bírò fa ìlà kún un, tí wọ́n kọ nǹkan sétí ìwé, ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ti kéré sí iṣẹ́. Àti nótúbùkù inú dúrọ́ọ̀ yẹn! Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá fọ́ọ̀mù mu, inú ẹ̀ ni wọ́n ń kọ wọ́n sí, wọn kì í sì tètè mú un jáde torí wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ má fipá gbà á, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ tún padà wá.

Nǹkan kékeré bí ọjọ́ ìbí gan-an ń dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá àgbà mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, wọn ò mọ ọjọ́. Tí ìwé bá ní ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ pé kí fọ́ọ̀mù tó lọ, akọ̀wé á tẹ 1 January kí iṣẹ́ lè yá, ẹni tó bá wá fẹ́ fi ọjọ́ yẹn ṣírò pension lọ́la ti wọ gàù. Ẹ kọ ọ́ pé ọdún nìkan tó, kí kọ̀ǹpútà sì mọ̀ pé ọjọ́ àti oṣù ò dájú.

Gbogbo ìlà tí mo bá kọ, mo máa ń kọ ẹni tó bèèrè ẹ̀ àti òfin tó gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí wọ́n lè gbé dírẹ́kítọ̀ lọ ibòmíì láàárín iṣẹ́, tuntun á dé á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Tí òfin bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Kí ìwé gùn nìkan ò tó o: ti FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí l'Amẹ́ríkà, fún Virtual Case File, software tí wọ́n fẹ́ máa fi tọ́jú fáìlì ìwádìí wọn, lé ní ojú ewé 800, wọ́n sì ń yí i padà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ní 2005 wọ́n pa á tì, owó tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là ti wọgbó.

Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín, lọ́jọ́ kan wọ́n á gbé irú ìwé yìí wá pé kẹ́ ẹ sáìn, wọ́n á ní contractor ń dúró. Ẹ má sáìn ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú fáìlì mẹ́ta tó le jù ní ọ́fíìsì yín, ẹ fi wọ́n wo ìwé náà ní ìlà-ìlà, èyí tí kò bá ríbi gbà, ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ dá a padà.