Awọ ò jẹun o, ẹ yé da òróró sórí gàárì

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, táwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde bá ti ń wú gàárì jáde nínú stọ́ọ̀ torí Ojúde Ọba, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lọ́dọọdún: "Ah, awọ yìí ti gbẹ, ebi ń pa á, ẹ fún un ní òróró." Ẹnì kan á gbé òróró ẹ̀pà, ẹlòmíì á gbé àdín, ẹlòmíì á ní Vaseline ló dáa jù, wọ́n á wá máa fi pa á bí ẹni ń para fọ́mọ tuntun. Ó ti sú mi. Pé òógùn ẹṣin àti eruku ń ba awọ jẹ́, pé ká fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún lẹ́yìn tá a bá gùn ún tán, kò sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ti oúnjẹ yìí ló ń bí mi nínú.

Màlúù tó ni awọ yẹn, a ti jẹ ẹran ẹ̀ tipẹ́. Òkú kì í jẹun.

Ohun tó ń tàn wọ́n jẹ ni pé tí wọ́n bá da òróró sí i, ó máa ń pòórá lójú wọn, wọ́n á ní "ẹ ò rí i, ó ti mu ún tán, ó ṣì ń fẹ́ sí i." Ó dáa, tọ́mọ bá tọ̀ sórí fóòmù, ṣebí fóòmù á mu ún tán, ṣé ebi ìtọ̀ ló ń pa fóòmù ni? Inú awọ kún fún fọ́nrán tín-ín-tìn-ín tó lọ́ mọ́ra wọn, àlàfo sì wà láàárín wọn, ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń ṣàn á wọbẹ̀, awọ ì báà nílò ẹ̀, ì báà má nílò ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣe awọ gan-an ni wọ́n ti fi ọ̀rá sí i, kí fọ́nrán yẹn lè máa yọ̀ lórí ara wọn tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ dáa. Tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á yọ̀ jù, awọ á máa fà, ihò bẹ́líìtì ẹ̀ á fẹ̀, òwú tí wọ́n fi rán an náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Òróró ìdáná tiẹ̀ tún burú jù, ó máa ń yí òórùn padà, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku á sì wá bá a gbé.

Mo máa ń bi wọ́n pé báwo ni ọ̀rá tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ojú lásán ò lè rí i. Ẹ wo nǹkan funfun tó máa ń bo gàárì tó ti pẹ́ nínú stọ́ọ̀, wọ́n á ní gbígbẹ ló gbẹ. Ó lè jẹ́ pé ó ti bu. Ó lè jẹ́ iyọ̀ òógùn ẹṣin. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rá fúnra ẹ̀ ló ń sun jáde torí ó ti kún jù, ẹ̀yin náà tún wá ń da òmíì lé e! Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, èyí tó bá jẹ́ ọ̀rá á yọ́, èyí tó bu ò ní yọ́. Wọn ò ní gbìyànjú ẹ̀ o, òróró ti yá wọn lára.

Ṣé Ìjẹ̀bú tiẹ̀ ni awọ á ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ ni? Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti ju nǹkan bíi 70% lọ, awọ máa ń bu, ti wa sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lásìkò òjò. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń gbé níbi tó gbẹ táútáú lẹ rí lórí fóònù.

Mi ò sọ pé kéèyàn má kan òróró láé o. Gàárì tuntun tó le, tàbí èyí tí òjò pa, bóyá. Lásìkò ọyẹ́ náà, bóyá. Kó sì jẹ́ òróró awọ gan-an, irú èyí tí wọ́n ń sè láti inú ẹsẹ̀ màlúù, ẹ fi aṣọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó tún nílò ẹ̀. Ẹni tó ní ti bàbá òun ti gba òróró fún ogún ọdún tí kò já, ó lè jẹ́ òótọ́, mi ò débẹ̀.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, awọ tí irin ìtẹsẹ̀ so rọ̀ sí, ẹ ká a dáadáa lábẹ́ oòrùn kẹ́ ẹ tó gun ẹṣin wọ àárín èrò tó ń yìnbọn. Tó bá ń sán níbi tẹ́ ẹ ti ká a, tó ń rún bíi bísíkíìtì, tàbí tó ń ṣe lẹ́búlẹ́bú pupa sí yín lọ́wọ́, òróró kankan ò lè tún un ṣe, dídán lásán ló máa dán, á sì já. Ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́ awọ kó pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kó wo òwú ẹ̀gbẹ́ kejì náà.