Àpótí Owó Bàbà Tí Ọmọdé Ò Lè Gbé

Ní ọdún 1972, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, bàbá kan jókòó ti ọmọ rẹ̀ méjì. Gary Gygax lorúkọ bàbá. Ernie lọmọkùnrin, Elise lọmọbìnrin. Bàbá ti ya ihò abẹ́ ilẹ̀ kan sórí ìwé, ihò tó ní yàrá, tó ní kọ̀rọ̀, tí ohun abàmì sá pamọ́ sí. Àwọn ọmọ ò rí ìwé náà o. Ohun tí bàbá bá ròyìn ni wọ́n mọ̀, òun náà á sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ernie ní òun ni oṣó tó ń jẹ́ Tenser. Elise ní òun ni àlùfáà obìnrin tó ń jẹ́ Ahlissa.

Wọ́n pa ohun abàmì àkọ́kọ́ tó jáde sí wọn. Nígbà tí Gygax ń rántí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò dá a lójú mọ́ bóyá àkekèé ni tàbí ọ̀kùn ńláńlá. Ohun tó rántí dáadáa ni ìṣúra tí wọ́n rí: àpótí kan tí owó bàbà 3,000 kún inú rẹ̀. Àpótí ọ̀hún wúwo ju agbára wọn lọ, wọn ò rí i gbé. Ó dun àwọn ọmọ náà gan-an. Nígbà tí wọ́n sì lọ sùn tán, bàbá wọn padà sídìí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àjà kejì ihò náà.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé bí àwọn èèyàn bá ń sọ bí eré RPG, ìyẹn eré tí kálukú ti ń jẹ́ akọni inú ìtàn, ṣe di ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe, ṣe ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé eré àgbà ni látilẹ̀wá, tí àwọn òbí kan wá ṣàánú ọmọdé, tí wọ́n bu díẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Nílé Gygax, ọmọdé ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìgbà kejì tí wọ́n ṣe é làwọn ọ̀rẹ́ bàbá tó wá bá wọn jókòó.

Fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí: èèyàn bíi mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń yí tábìlì ká. Ẹnì kan ń ròyìn ìlú, igbó, ẹranko àti àwọn tí wọ́n pàdé lọ́nà. Àwọn tó kù ni akọni inú ìtàn, kálukú ló sì ń sọ ohun tí akọni tirẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ẹnì kankan ò jẹ ẹnì kejì. Òyìnbó ní orúkọ oríṣiríṣi fún ẹni tó ń ròyìn yẹn. Èmi á pè é ní apàlọ́, apàlọ́ tí àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n ní Ìjàpá ò ní gba ojú ọ̀nà yẹn lọ o, ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà.

Gbòǹgbò eré náà kò sí lọ́dọ̀ ọmọdé, ká má parọ́. Ọwọ́ ológun ló ti wá. Ní 1824, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ von Reiswitz ní Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì àtijọ́, tún eré ogun tí bàbá rẹ̀ ti gbé fún ọba ṣe, ó fi máàpù, dáìsì àti adájọ́ sí i, kí àwọn ọ̀gá ológun lè máa fi kọ́ ogun jíjà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Adájọ́ yẹn ni baba ńlá apàlọ́ wa. Nígbà tó di 1969, ní Minnesota, David Wesely ṣe eré kan tí kálukú ti ń jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo dípò kó máa darí odindi ọmọ ogun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dave Arneson, mú un lọ síwájú, ó kó ihò abẹ́ ilẹ̀ àti idán wọ̀ ọ́, ó sì gbé e wá fi han Gygax ní 1972. Àwọn méjèèjì ló kọ eré tí à ń sọ yìí sínú ìwé, wọ́n sì pè é ní Dungeons & Dragons tó jáde ní 1974: ẹ̀dà 1,000, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí tí wọ́n fọwọ́ tò, dọ́là 10.

Ẹni tó ti mọ eré náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ ìwé mẹ́ta yẹn fún. Bí o bá dé ibi ìjà, á ní kí o lọ wo ìwé eré ogun mìíràn tí Gygax ti kọ ṣáájú. Nọ́ńbà ààbò wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bó ṣe ń kéré sí i ni ààbò rẹ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní 2 sàn ju ẹni tó ní 9 lọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mẹ́sàn-án pọ̀ ju méjì lọ. Ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2000 kí wọ́n tó yí i padà.

Nígbà náà, báwo ni Ernie àti Elise ṣe rí i ṣe? Wọn ò ka ìwé kankan ni. Bàbá wọn ló ru òfin, àwọn ru ìtàn. Ọmọ tó ra páálí náà ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn 1974 kò ní Gygax nílé; òun fúnra rẹ̀ ni yóò ru méjèèjì. Àpótí owó bàbà yẹn ló tún bá pàdé. Bí mo ṣe rí i, ẹrù yẹn, ta ni kó rù ú àti èló nínú rẹ̀ la lè sọ kalẹ̀, ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà yẹn.

Dáìsì wọn gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ló ti wá. Yàtọ̀ sí olójú mẹ́fà tí gbogbo wa mọ̀ nínú lúdò, eré yìí ń lo olójú mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá àti ogún. Gygax rí wọn nínú ìwé ọjà ilé iṣẹ́ kan ní California tó ń ta ohun èlò ìkọ́ni fún ilé ẹ̀kọ́. Kíláàsì ìṣirò ni wọ́n ń lọ kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ dírágónì.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbìyànjú láti sọ ẹrù náà kalẹ̀ ni J. Eric Holmes, dókítà ọpọlọ tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Southern California. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá TSR, ilé iṣẹ́ Gygax, pé òun á bá wọn kọ ìwé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè lóye. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1977, ojú ìwé 48 péré, kò sì jẹ́ kí agbára akọni kọjá ìpele kẹta. Títà tí wọ́n tà á pọ̀ débi pé dáìsì tán nílẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fi páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sínú àpótí. O máa gé e wẹ́wẹ́, o máa dà á sínú ife, o máa wá kiwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, kí o yọ ọ̀kan.

Ní 1981, Tom Moldvay tún un kọ, wọ́n sì kọ ọ́ sára àpótí pé ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè lè ṣe é. Ní 1983, Frank Mentzer gbé àpótí pupa jáde, èyí tó jẹ́ pé bó o bá ṣí i, kò sí òfin lójú ewé àkọ́kọ́. Ìtàn ló máa kí ọ. Ìwọ ni jagunjagun, o ń lọ sínú ihò, o pàdé obìnrin kan tó ń jẹ́ Aleena tó wo ọgbẹ́ rẹ sàn; bí ẹ ṣe ń lọ, òfin ń yọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó o tó mọ̀, o ti mọ eré ṣe. Oṣó burúkú kan tó ń jẹ́ Bargle ló pa Aleena, àwọn bàbá onírun funfun kan sì wà lónìí tí wọn ò tíì dárí jì í. Nínú àwọn àpótí yẹn, dáìsì oníke tí kò ní ọ̀dà lójú ni wọ́n kó sí i, pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù kan. Ìwọ lo máa fi kíréyọ́ọ̀nù kun ojú nọ́ńbà, kí o wá fi aṣọ nu èyí tó bá yí ara. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ibi kíréyọ́ọ̀nù yẹn leré ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, àlàyé ni Holmes, Moldvay àti Mentzer mú rọrùn. Eré fúnra rẹ̀ ò yí padà púpọ̀: ìṣirò wà níbẹ̀, ìwé kíkà wà níbẹ̀, ikú sì wà níbẹ̀.

Ikú ni wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò, ọ̀nà ẹ̀fẹ̀ ló sì gbà kúrò. Ní 1984, Greg Costikyan gbé Toon jáde, eré tí o ti ń jẹ́ ẹranko inú àwòrán kàtúùnù. Nínú kàtúùnù, òkúta á ré lu ológbò, ológbò á fẹ́lẹ́ bíi bébà, á sì tún dìde. Costikyan sọ ìyẹn di òfin: bí agbára akọni rẹ bá tán, ó ṣubú ni, o máa jókòó síta fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, o sì padà wọlé. Ọmọdé kọ́ ni wọ́n ṣe Toon fún ní pàtó, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí eré ọmọdé kan lẹ́yìn rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ọdún yẹn kan náà ni DragonRaid dé, láti ọwọ́ Dick Wulf. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ òbí ọmọ ìjọ ní Amẹ́ríkà ń pariwo pé eré yìí ń fa ọmọ lọ sọ́dọ̀ Èṣù ni. Dípò kó dá eré dúró, Wulf ní kí idán dúró: akọni tó bá fẹ́ ṣe ohun ńlá, ẹsẹ Bíbélì ni yóò kà láìwòwé. Ẹni tó bá lọ sí Sunday School nílùú wa mọ̀ pé àwọn ọmọ kan á jẹ gàba sórí tábìlì yẹn.

Àwọn ọdún 1990 bá fídíò géèmù àti káàdì lọ. Ohun tó mú ọmọdé padà ni pé àwọn tó fi kíréyọ́ọ̀nù kun dáìsì ní 1983 ti bímọ. Íntánẹ́ẹ̀tì sì ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá gé òfin kúrú fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́ lè tà á ní PDF láàárọ̀, láìbẹ ilé ìtẹ̀wé kankan. Ní Japan, ní 2006, eré kan ti wà tí kò ní dáìsì rárá, tí wọ́n ń pè ní Golden Sky Stories nígbà tí wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí ológbò ni ọ́, o lè di èèyàn, iṣẹ́ rẹ sì ni kí o ran ará abúlé lọ́wọ́ nínú wàhálà kéékèèké. Ẹnì kankan ò jà.

Justin Halliday, ní 2012, ò yọ ìjà. Hero Kids tirẹ̀ wà fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá, dáìsì olójú mẹ́fà nìkan ló ń lò, àròpọ̀ ló sì fi sọ kalẹ̀. Bí o bá mọ idà lò dáadáa, dáìsì mẹ́ta lo máa ju. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan. Èyí tó ga jù nínú tìrẹ àti èyí tó ga jù nínú ti ọ̀tá lẹ ó gbé kojú ara wọn. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò mọ èyí tó ga jù. Akọni tó bá dákú, dídákú náà ni.

Martin Lloyd tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú Amazing Tales. Ohun mẹ́rin ni akọni rẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ìwọ lo máa sọ wọ́n. Èyí tó mọ̀ jù, dáìsì olójú méjìlá; èyí tó tẹ̀ lé e, mẹ́wàá; lẹ́yìn náà mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bó bá ti jẹ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bọ́ sí i. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Pẹ̀lú olójú méjìlá, ojú mẹ́wàá ló dára. Pẹ̀lú olójú mẹ́fà, mẹ́rin. Ìṣirò ò lọ síbì kankan, inú dáìsì ló sá sí, kò sí lórí ọmọ mọ́. Bí kò bá sì bọ́ sí i, ìtàn ò dúró, wàhálà tuntun ló yọjú.

Èyí tó wù mí jù ni No Thank You, Evil! tí Shanna Germain àti Monte Cook gbé jáde ní 2016, torí pé gbólóhùn ni wọ́n fi wọn ọjọ́ orí. Ọmọ tó kéré jù á ní òun ni ajalèlókun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní òun ni ajalèlókun aláyà-kíkí. Àgbà wọn á ní òun ni ajalèlókun aláyà-kíkí tó ń bá ẹja sọ̀rọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ jókòó lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, orúkọ eré náà gan-an ló máa pè, apàlọ́ á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n tún ní agbára kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọnìkejì nìkan lo lè fi ràn lọ́wọ́, o ò lè ná an fún ara rẹ. Kì í ṣe gbogbo gígé ló dára báyìí. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gé títí tó fi di ejò àti àkàbà.

Oṣù Disẹ́ńbà tó kọjá, iná lọ, mo mú dáìsì lúdò, mo dán òfin Lloyd wò pẹ̀lú àwọn ọmọ àbúrò mi. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní òun ni ìyá alákàrà tó lè fò. Mo ní ẹkùn kan dábùú ọ̀nà ọjà. Ó ní òun máa fò kọjá lórí rẹ̀. Ó ju dáìsì, 2 ló já. Mo ní, "Afẹ́fẹ́ gbé ẹ kọ́ igi, ẹkùn ti ń gòkè bọ̀." Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dàdì, mo ju àkàrà méjì sí i lẹ́nu, ata ló pọ̀ nínú ẹ̀." Ó tún ju dáìsì, 5. Ẹkùn sá lọ wá omi, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí iná dé, àwọn tó kù sáré lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Òun dúró tì mí, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé, pé ẹkùn ò tíì san owó àkàrà méjì yẹn.