Ibùsùn méjìlá ní Leiden: ibi tí ìwádìí àìsàn inú ti ṣẹ̀

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ dókítà pé ta ló kọ́kọ́ ṣe ìwádìí nípa agbẹ̀du èèyàn, William Beaumont ni wọ́n máa dárúkọ. Lọ́dún 1822 ni ìbọn ṣèèṣì bá Alexis St. Martin níkùn ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kò dí. Beaumont, dókítà ológun, wá ń so ẹran àti búrẹ́dì mọ́ okùn sílíìkì, ó ń tì í sínú ihò náà, ó sì ń fà á jáde wò. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n dókítà kan àti aláìsàn kan ni, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó yí wọn ká. Ohun tí èmi ń wá orísun rẹ̀ ni ìwádìí ti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, níbi tí ọ̀gá, akẹ́kọ̀ọ́, aláìsàn àti ìwé àkọsílẹ̀ ti jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, ni mo gbà pé ó ti ṣẹ̀.

Àwọn kan á ní Padua, ní Ítálì, ló ṣíwájú, torí dókítà Giambattista da Monte ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ aláìsàn níbẹ̀ láyé ọdún 1540 sí 1550. Òótọ́ ni, àmọ́ ti Leiden ló so èso.

Lọ́dún 1714, ibùsùn 12 péré ló bọ́ sọ́wọ́ Herman Boerhaave, dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden, ní ilé ìwòsàn Caecilia: 6 fún ọkùnrin, 6 fún obìnrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi wá dúró yí wọn ká. Mo máa ń rò ó pé kíkéré tí ibùsùn wọ̀nyẹn kéré gan-an ló ṣe ìṣègùn lóore. Ẹni tó ní ogunlọ́gọ̀ aláìsàn lè gbójú fo ọ̀kan, ẹni tó ní 12 kò níbi tó fẹ́ sá sí. Á wo ojú, á wo ìtọ̀, á fọwọ́ kan ikùn, á tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Kílíníìkì tí a ń pè yìí pàápàá, inú èdè Gíríìkì ló ti wá, láti ara klinē, ìyẹn ibùsùn. Àwa náà ẹ wo ọ̀rọ̀ tiwa: ìwádìí, wíwá ìdí. Ìdí ibùsùn ni wọ́n ti ń wá ìdí àìsàn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1723. Ọ̀gágun àgbà orí omi kan, Jan van Wassenaer, jẹun yó kẹ́ri, ó sì lo oògùn èébì bó ṣe máa ń ṣe. Bó ti ń tiraka láti bì, ó figbe ta pé nǹkan bẹ́ nínú àyà òun. Wọ́n sáré pe Boerhaave, ṣùgbọ́n kò ju ọjọ́ kan lọ tí ọkùnrin náà fi kú. Nígbà tí Boerhaave la òkú rẹ̀, òórùn pẹ́pẹ́yẹ tó jẹ ló ń jáde láti inú àyà. Ọ̀nà ọ̀fun tó ń gbé oúnjẹ lọ sí agbẹ̀du ti ya. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1724. Títí dòní orúkọ Boerhaave ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà. Òótọ́ ni pé ọ̀gágun yìí kò dùbúlẹ̀ sórí ìkankan nínú ibùsùn 12 yẹn. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìdí àwọn ibùsùn náà ni ojú tó rí ọ̀nà ọ̀fun tó ya yẹn ti kọ́ bí a ṣe ń wò.

Ọ̀nà wo ni àṣà yìí gbà kúrò ní Leiden? Gerard van Swieten, ọmọ ẹ̀kọ́ Boerhaave, ni. Kátólíìkì ni, ìyẹn kò sì jẹ́ kó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden. Maria Theresa, ọbabìnrin tó ń ṣàkóso Austria, pè é lọ sí Vienna lọ́dún 1745. Lọ́dún 1754, ọmọ ẹ̀kọ́ Boerhaave mìíràn, Anton de Haen, ṣí kílíníìkì síbẹ̀. Ibùsùn mélòó? 12: 6 fún ọkùnrin, 6 fún obìnrin. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé àkọsẹ̀bá ni? Níbẹ̀ náà, wọn kì í sin òkú aláìsàn láìjẹ́ pé wọ́n wá ohun tó pa á.

Vienna yìí kan náà ni Theodor Billroth, dókítà oníṣẹ́ abẹ, dé lọ́dún 1867. Èsì gbogbo iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe ní Zürich, ní Switzerland, ó kọ ọ́ jáde, àti ti àwọn tó yè àti ti àwọn tó kú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ kìkì èyí tó dára. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Gussenbauer àti Winiwarter, gé agbẹ̀du ajá, wọ́n rán an padà, wọ́n sì ṣí àkọsílẹ̀ òkú tó lé ní 60,000 tí wọ́n ti là ní Vienna. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ agbẹ̀du kò tíì ràn dé ibòmíràn nígbà tó fi pa aláìsàn, a jẹ́ pé à bá gé e kúrò. Àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀: Péan ní Faransé lọ́dún 1879, Rydygier lọ́dún 1880. Aláìsàn àwọn méjèèjì kò lo ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1881, Billroth ṣe é fún obìnrin ẹni ọdún 43 kan fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Obìnrin náà yè. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Billroth ti kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, jẹjẹrẹ náà padà, ó sì pa á.

Àwọn tó kù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1955, àwọn dókítà Truelove àti Witts ti Oxford fi ìbò pín àwọn tó ní ọgbẹ́ ìfun ńlá sí méjì: oògùn cortisone fún apá kan, oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú fún èkejì. Lọ́dún 1982, àwọn dókítà Marshall àti Warren rí kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú ní Perth, ní Australia, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Láti ìgbà náà, oògùn ni wọ́n fi ń wo ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú, wọn kì í sábà fi abẹ kàn án mọ́. Ti jẹjẹrẹ ṣì ń fẹ́ abẹ, orúkọ Billroth ṣì wà lára rẹ̀. Agbẹ̀du obìnrin ẹni ọdún 43 náà wà nínú ìgò ní Josephinum, ilé àkójọ ohun ìtàn ìṣègùn, ní Vienna.