Kí Nìdí Tí A Fi Ń Gbè Sẹ́yìn Tiwa Nínú Ọ̀rọ̀ Òṣèlú àti Ẹ̀sìn?

“Ẹni tó kàwé tó báyìí, báwo ló ṣe gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́?” Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn lẹ́nu àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi nígbà tí ìdìbò bá ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n á bi mí nípa àbúrò, ìyàwó á bi mí nípa ọkọ. Lójú wọn, ìwé yẹ kó ti la ojú onítọ̀hún. Èmi a sì sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé rárá.

Ohun tí ìgbàgbọ́ ń ṣe fún wa ni ká wò. Bí mo bá ṣi ọ̀nà gbà, ilẹ̀ ò ní ṣú kí n tó jìyà rẹ̀, màá sì yára yí padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣi olórí yàn, ìyà rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan, kò sì ní dé lónìí. Ohun tó máa dé lónìí ni ojú tí àwọn èèyàn mi máa fi wò mí bí mo bá yà kúrò lẹ́yìn wọn: àwọn tá a jọ ń gbàdúrà, àwọn tó máa dúró tì mí lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Ọkàn ti mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀rí wò. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn; bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe sí èrò tó bá jẹ́ tiwa.

Geoffrey Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ìrànwọ́ fún àwọn aláìní kà. Ètò kan lawọ́ gan-an, èkejì há. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, tó sábà máa ń fẹ́ kí ìrànwọ́ pọ̀, fọwọ́ sí èyí tó há bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ti Republican, ẹgbẹ́ kejì tó sábà máa ń fẹ́ kó mọ níwọ̀n, náà fọwọ́ sí èyí tó lawọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ti ẹgbẹ́ wọn ni. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọ́n ní ohun tó wà nínú ètò náà làwọn wò. Wọn ò purọ́ o. Bó ṣe rí lọ́kàn wọn nìyẹn, wọ́n sì gbà pé àwọn ẹlòmíràn ni ẹgbẹ́ ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ẹni tó ń ṣe ẹ̀tanú kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ẹ wo bó ṣe ń rí lórí fóònù. Ìròyìn burúkú dé nípa olórí tí a kórìíra. A ka àkọlé, a ní “Mo kúkú ti mọ̀,” ó ti dọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Irú ìròyìn yẹn kan náà wá dé nípa olórí tiwa. Lọ́tẹ̀ yìí, a kà á dópin, a wo déètì, a wo ẹni tó kọ ọ́, a fẹ fọ́tò náà lójú bóyá wọ́n ti yí i. A mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa. Ibi tó bá wù wá nìkan la ti ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi lè dá kún ìṣòro náà, torí ọ̀mọ̀wé lè rí àléébù mẹ́wàá nínú ẹ̀rí tí kò fẹ́.

Nínú ẹ̀sìn, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà yọjú, èyí tí Thomas Pettigrew, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣàlàyé ní 1979. Bí olórí ẹ̀sìn tiwa bá kówó jẹ, a ó ní òun nìkan ló ṣe é, tàbí pé ìdánwò ló dé bá a. Bí ti ẹ̀sìn kejì bá ṣe irú rẹ̀, a ó ní bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Bí wọ́n bá wá ṣoore, a ó ní ó nídìí. Àlàyé ti wà nílẹ̀ kí onítọ̀hún tó ṣe ohunkóhun. Ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ẹlẹ́sìn náà.

Àwítúnwí tún wà níbẹ̀. Láti 1977 ni ìwádìí ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ léraléra máa ń jọ òótọ́ lójú wa ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Kéèyàn kàn sọ pé “mi ò ní ṣe ojúsàájú” kò tó. Ní 1979, Charles Lord àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fún akẹ́kọ̀ọ́ 48, tí àwọn kan fara mọ́ ìdájọ́ ikú tí àwọn yòókù ò sì fara mọ́ ọn, ní ìwádìí méjì kà lórí rẹ̀, ọ̀kan sọ pé ó ń dín ìpànìyàn kù, èkejì ní kò dín in kù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn kà, síbẹ̀ ìhà kọ̀ọ̀kan túbọ̀ di tirẹ̀ mú. Ní 1984, wọ́n ní kí àwọn kan ṣe bí adájọ́ tí kì í gbè. Kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n wá ní kí àwọn mìíràn máa bi ara wọn pé bó bá jẹ́ ìhà kejì ni ìwádìí yìí gbè, ṣé ojú tí màá fi wò ó nìyí? Ojúsàájú àwọn yẹn dín kù.

Ìbéèrè yẹn ni mo ń fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi: bó bá jẹ́ olórí tiwa ló ṣe é, kí ni màá sọ? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ìròyìn náà ránṣẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹbí yín lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe é lójú agbo. Lójú àwọn èèyàn rẹ̀, kò ní lè yí padà láìtẹ́. Ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ má sì bi í pé kí ló dé tó fi gbà á gbọ́, torí àwíjàre ló máa fi dáhùn. Ẹ ní kó ṣàlàyé bí ètò tó fẹ́ràn náà yóò ṣe ṣiṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́yin náà sì ṣàlàyé tiyín.