Bí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ṣe ń rí ìpàdé AA, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀

Kò sí fọ́ọ̀mù tí ènìyàn ń kọ kó tó wọ ìpàdé Alcoholics Anonymous, tí gbogbo ayé mọ̀ sí AA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí. Kò sí owó ìwọlé, kò sí ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà tàbí pásítọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wu ènìyàn láti jáwọ́ nínú ọtí. Kó wù ú ni o, kò di dandan kó ti jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé àwọn á kọ́kọ́ dín in kù fúnra àwọn ná, kí àwọn tó lọ. Ìtìjú ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti dá ẹni púpọ̀ dúró sílé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì ṣáájú ìpàdé. Ẹni tí ọtí ti di bárakú sí lára, tó ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn lè bo ara, gìrì lè gbé e, ó sì lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ó lè gba ẹ̀mí. Ilé ìwòsàn ní oògùn tí wọ́n fi ń mú un rọlẹ̀. Ìpàdé kò ní. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá l'Ékòó wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn yìí.

Láti rí ìpàdé, orí aa.org ni kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀: á tọ́ka sí àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tàbí ìlú rẹ̀. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Meeting Guide tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba lè pe 0800 9177 650 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ti jáwọ́ nínú ọtí ló sábà máa ń gbé fóònù. Ní Nàìjíríà ìpàdé kò pọ̀, ìlú ńlá ni èyí tó wà sábà máa ń wà. Ẹni tó jìnnà sí i lè lọ sí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní aa-intergroup.org, níbi tí ìpàdé ti ń lọ tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá kọ “open” sí ìpàdé, ẹnikẹ́ni lè wá, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ lè sinni lọ. “Closed” wà fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí nìkan.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ni ín. Wọ́n kàn háyà rẹ̀ ni. Ìpàdé máa ń gba bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Alága á ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ẹnì kan á sọ bí ọtí ṣe bá òun jà àti bí òun ṣe bọ́, àwọn yòókù á sì máa sọ tiwọn. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn tàbí bá a wí. Nínú ẹbí wa, níbi tí wọ́n ti máa ń pe àgbààgbà jọ láti bá ọ̀mùtí wí, irú ìtẹ́tísílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àlejò lè sọ pé òun kàn wá gbọ́ ni. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ló tó. Bí igbá owó bá ń yí ká, kò pọn dandan kí ẹni tuntun fi nǹkan sí i.

Ohun tí ènìyàn bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n retí pé kó fi í sí. Àṣà ẹgbẹ́ ni èyí, kì í ṣe òfin ìjọba. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ará ilé lè rí òun lè lọ sí ti àdúgbò mìíràn.

Ní 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ọ̀mùtí méjì, Bill W. àti Dr. Bob, rí i pé ọ̀mùtí máa ń gbọ́ ti ọ̀mùtí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Látibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun náà ló sì fa sponsor: ẹni tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́, tí ẹni tuntun lè pè nígbà tí òǹgbẹ ọtí bá dé, tó sì ń mú un la ìgbésẹ̀ 12 kọjá, ìyẹn ètò tí AA ń tẹ̀ lé láti bọ́ lọ́wọ́ ọtí. Àwọn ìgbésẹ̀ náà dárúkọ Ọlọ́run, “bí oníkálùkù ṣe mọ̀ ọ́n”, nítorí náà Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, oníṣẹ̀ṣe àti ẹni tí kò gbàgbọ́ ló ń jókòó pọ̀. Ẹni tí èyí kò bá wọ̀ lè wo SMART Recovery, ẹgbẹ́ mìíràn tí kò dá lórí ẹ̀sìn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2020, Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, gbé ìwádìí 27 yẹ̀ wò, tí àwọn tó kópa lé ní 10,000. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tó ń fi ètò darí ènìyàn sínú AA ń jẹ́ kí púpọ̀ sí i yàgò fún ọtí pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e lọ. Ìpàdé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, nítorí náà ó dára kí ènìyàn dé bíi mẹ́fà kó tó sọ pé kò bá òun lára mu.

Ìdílé náà ní tiwọn: Al-Anon, fún ọkọ, aya, òbí àti ọmọ. Wọ́n lè lọ, kódà bí ẹni tó ń mutí bá kọ̀ láti lọ síbì kankan.