Bí Másùnmáwo Ṣe Ń Ba Awọ Ara Jẹ́

Bí àyà ènìyàn bá já lójijì, awọ ara kì í pẹ́ fi hàn. Irun apá á dìde, òógùn á bo àtẹ́lẹwọ́, ìka á tutù nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò nínú awọ lọ sí ibi tí ara rò pé wọ́n ti nílò rẹ̀ jù. Bí ohun tí ó dẹ́rù bani náà bá kọjá, gbogbo rẹ̀ á padà sí ipò, kò sì sí ewu níbẹ̀. Ohun tí ó ń ba awọ jẹ́ ni kí ara wà nínú irú ìpayà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, bí ó ti máa ń rí fún ẹni tí gbèsè ká mọ́, tàbí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn tọ̀sán-tòru. Èyí ni másùnmáwo. A gbọ́ “má sùn” nínú orúkọ náà, oorun sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Apá kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hypothalamus, máa ń ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ (ẹ̀yà ara kékeré tí ń tú èròjà jáde) tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á gba inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ méjì tí ó jókòó lé kíndìnrín lórí, àwọn wọ̀nyí á sì tú họ́mọ̀nù kan, èròjà tí ń jíṣẹ́ káàkiri ara, tí ń jẹ́ cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ cortisol ni láti wá agbára fún ara: ó ń mú kí ṣúgà pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dá iṣẹ́ tí kò kánjú dúró. Àtúnṣe awọ wà lára iṣẹ́ tí kò kánjú wọ̀nyí. Ó bójú mu bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń sá fún ejò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìsáré náà bá di oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ tí a kò ṣe á ti pọ̀ ju ohun tí awọ lè fara dà.

Ìpele òkè pátápátá lára awọ ni ògiri ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ọ̀rá sì ni sìmẹ́ńtì tí ó so wọ́n pọ̀. Ọ̀rá yìí ni kò jẹ́ kí omi inú ara fẹ́ lọ, òun náà ni kò jẹ́ kí kòkòrò àrùn ráyè wọlé. Nígbà tí cortisol bá pọ̀ tí ó sì pẹ́, ọ̀rá tí awọ ń ṣe á dín kù. Omi á máa jáde, ojúgun á máa funfun bí ẹni pé eérú bà á, ọṣẹ tí ènìyàn ti ń lò láti ọdún pípẹ́ á sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lára. Ọ̀pọ̀ a máa pààrọ̀ ọṣẹ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ògiri ni ó sán, kì í ṣe ọṣẹ ni ó yí padà.

Bí àtúnṣe yìí ṣe ń falẹ̀ tó hàn nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 láti ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá egbò kékeré, tí ó fẹ̀ tó mílímítà 3.5, sí apá àwọn obìnrin 13 tí ń tọ́jú ìbátan wọn tí àrùn Alzheimer, àrùn tí ń ba ìrántí jẹ́, ń bá jà, wọ́n sì dá irú rẹ̀ sí apá obìnrin 13 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn bára mu ṣùgbọ́n tí wọn kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Egbò àwọn olùtọ́jú gba ọjọ́ 48.7 ní ìpíndọ́gba kí ó tó jiná. Ti àwọn yòókù gba 39.3. Ní 1998, wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí àjà ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín 11. Egbò tí wọ́n dá nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ ju èyí tí wọ́n dá nígbà ìsinmi lọ. Ènìyàn kan náà ni, ẹnu kan náà ni. Ìdánwò nìkan ni ó wà láàárín.

Irorẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ẹṣẹ́ kéékèèké tí ń da ọ̀rá sí ìdí irun náà ń gbọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán, nítorí náà ọ̀rá á pọ̀, ihò á dí, ojú ibẹ̀ á sì wú. Lára awọ dúdú, irorẹ́ kan lè san láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí àpá dúdú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, pàápàá bí ẹni náà bá ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ní ti ara yíyún, ìpayà ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tú histamine, èròjà tí ń mú ara yún, jáde. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa họ ẹ̀yìn ọrùn láìmọ̀. Híhọ yìí ń ya ògiri náà sí i, èyí á tún mú un yún sí i, títí awọ ibẹ̀ á fi yi, tí á sì dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: ìpara inú túùbù tí wọ́n ń tà lọ́jà láìsí ìwé dókítà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ní clobetasol tàbí steroid mìíràn nínú. Ìbátan cortisol ni steroid. Lóòótọ́ ni ó ń dá yíyún dúró kíákíá, dókítà sì máa ń lò ó dáadáa fún ìwọ̀nba ọjọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi í pa ara fún oṣù, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń fa irorẹ́, ó sì ń jẹ́ kí làpálàpá ràn lábẹ́lẹ̀. Ó ń dunni púpọ̀ láti rí ẹni tí másùnmáwo ti tín awọ rẹ̀ kí ó tún fi owó ra ohun tí yóò tín in sí i.

Ìtọ́jú tí ó yẹ kọ́kọ́ dá ògiri náà sí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a fi wẹ̀, kì í ṣe omi gbígbóná, kí a má sì fi kàn-ìn-kàn-ìn ha awọ bí ẹni ń fọ ìkòkò. Kí omi ara tó gbẹ tán ni kí a ti fi òrí tàbí fasilíìnì pa á. Ojú tí irorẹ́ wà nìkan ni ó fẹ́ ìpara tí kò lọ́ràá púpọ̀. Ibi tí ó bá ń yún, aṣọ tí a fi omi tútù rin sàn fún un ju èékánná lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wá mú cortisol rọlẹ̀. Oorun ni ó ṣe kókó jù, ó kéré tán wákàtí méje lóru fún àgbàlagbà. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tí ó tó ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ ń ṣèrànwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mímí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kí a mí sínú bí a ti ń ka ení dé ẹ̀rin, kí a mí síta bí a ti ń kà á dé ẹ̀fà, títí ọkàn tí ń lù kìkì á fi rọ̀. Ẹni tí ìdí másùnmáwo rẹ̀ jẹ́ gbèsè tàbí aláìsàn tí ó ń tọ́jú nìkan nílò ẹni tí yóò bá a gbé nínú ẹrù náà, nítorí ìpara kò lè ṣe ìyẹn.

Awọ òkè ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a sọ̀rètí nù ní ọjọ́ kẹta. Irun tiẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀: èyí tí másùnmáwo bá tú, oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn wàhálà náà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re, tí ẹni náà á fi rò pé nǹkan tuntun ni ó dé. Bí yíyún kò bá jẹ́ kí ènìyàn sùn, tí ojú egbò ń ṣe ọyún, tàbí tí sísú ń tàn kálẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ oníṣègùn awọ ni kí ó lọ, kí ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nílé fún un pẹ̀lú.