Ipò Nínú Kíláàsì: Bí UT Austin Ṣe Ń Mú Ọmọ Kí Ó Tó Fọwọ́ Kan Fọ́ọ̀mù

Kò sí òbí Yorùbá kan ní Houston tàbí Dallas tí kò mọ̀ pé ọmọ tó bá fẹ́ wọ Yunifásítì Texas ní Austin, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní UT, gbọ́dọ̀ mójú tó ìwé rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà, àròkọ wà, ìdánwò àṣewọlé tí wọ́n ń pè ní SAT tàbí ACT sì ti padà di dandan fún àwọn tó ń wọlé láti 2025. Gbogbo ìyẹn ò ṣòroó mọ̀. Ohun tí kì í yé èèyàn ni pé fún ọmọ tó ń ka girama ní Texas, apá tó pọ̀ jù nínú ìdíje náà ti parí kí fọ́ọ̀mù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí kíláàsì kọkànlá bá ti tán, ipò tí ọmọ wà nígbà yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi mú un.

Ẹjọ́ ló bí òfin tó gbé e kalẹ̀. Ní 1996, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dá ẹjọ́ Hopwood, wọ́n sì túmọ̀ ìdájọ́ náà sí pé àwọn yunifásítì ìjọba ní Texas kò gbọdọ̀ wo àwọ̀ tàbí ẹ̀yà ọmọ mọ́ bí wọ́n bá ń gba èèyàn wọlé. Lọ́dún kejì, Irma Rangel, obìnrin aṣòfin láti Kingsville, gbé àbá kan lọ sílé ìgbìmọ̀, ó yege, Gómìnà George W. Bush sì buwọ́ lù ú. Ọmọ yòówù tó bá wà nínú ìdá 10 nínú 100 tó mókè jù ní kíláàsì rẹ̀, yálà Houston ló ti kàwé tàbí abúlé kan tí kò ju ilé epo kan ṣoṣo lọ, àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á. Òfin náà ò dárúkọ ẹ̀yà, kò sì béèrè owó. Ipò nìkan ló ń wò.

Ẹni tó ti bá JAMB wọ̀yá ìjà nílé lè sọ pé catchment area nìyẹn. Ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni catchment ń béèrè. Texas ò bìkítà nípa bàbá ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọmọ wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò ló kàn án.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọba kan ń wá oníjàkadì tí yóò kó sí ààfin. Ó lè ní kí gbogbo ìlú wá sójú agbo kan ṣoṣo. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, agboolé méjì tàbí mẹ́ta tí ẹran kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ wọn, tí olùkọ́ ìjàkadì sì ń sùn nílé wọn, ni yóò gba gbogbo ààyè tán. Ọba yìí ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ja tirẹ̀, kí wọ́n sì fi àwọn tó borí níbẹ̀ ránṣẹ́. Àdúgbò àwọn òmìrán fi òmìrán ránṣẹ́. Àdúgbò tí ebi ń pa náà fi akọni tirẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọlọ́rọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èyí tó ti àdúgbò ebi wá á ṣubú lọ́jọ́ kìíní. Kò ṣubú o. Ìròyìn tí UT fúnra rẹ̀ gbé jáde láwọn ọdún àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó gba ipò wọlé ń gba máàkì tó ju ti àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn wọlé, kódà nígbà tí SAT àwọn yẹn ga ju tiwọn lọ. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń borí láìsí olùkọ́, ó ti kọ́ nǹkan kan.

Ibi tí ọgbọ́n òfin náà wà gan-an nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kó pẹ́ láyé. Àwọn aṣòfin láti ìgbèríko, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òyìnbó ẹgbẹ́ Republican, ń gbèjà rẹ̀. Àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú àti ti Látìnì láti inú ìlú ńlá, ẹgbẹ́ Democrat, náà ń gbèjà rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú àwọn méjèèjì yìí jọ fẹnu kò lórí ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n ti àdúgbò tòun mọ́ta.

Àṣìṣe tó ń bíni nínú jù wá ni ti ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ. Òbí á kó kúrò níbi tó ń gbé, á lọ san ìlọ́po méjì owó ilé ní àdúgbò tí gbogbo èèyàn ń yìn, á ní nítorí UT ni. Bó bá jẹ́ nítorí ẹ̀kọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí UT, ó mú ọmọ kúrò ní agbo tó ti lè borí, ó lọ jù ú sáàárín àwọn òmìrán. UT ti sọ ìdá 10 yẹn di 5 báyìí. Nínú kíláàsì ọmọ 40, ìdá 5 nínú 100 jẹ́ ọmọ méjì. Nínú kíláàsì ọmọ 800, ó jẹ́ 40, ṣùgbọ́n àwọn tó ń du 40 yẹn lè ju 100 lọ, tí gbogbo wọn ń ṣe AP kan náà, ìyẹn ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama, tí gbogbo wọn ní olùkọ́ ilé. Àwọn ìdílé kan ti mọ èyí tipẹ́, àwọn ló ń fi ọmọ sílé-ẹ̀kọ́ tí ìdíje rẹ̀ ò le. Òfin ò sì dá wọn dúró.

Ìdí tó fi jẹ́ 5, tí kì í ṣe 10 mọ́, ni pé òfin náà ṣiṣẹ́ jù fún UT. Nígbà tó fi máa di 2008, ó lé ní 80 nínú 100 àwọn ọmọ Texas tó wọlé sọ́dún kìíní tó jẹ́ pé ipò ló mú wọn wọlé. Lọ́dún 2009, ilé ìgbìmọ̀ fún UT Austin nìkan láyè láti dá àwọn tí ipò ń mú wọlé dúró sí ìdá 75 nínú 100 ààyè àwọn ọmọ Texas. Láti ìgbà náà, UT ló ń kéde ààlà tirẹ̀: ó jẹ́ 8 fún àwọn tó wọlé ní 2011, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 7, ó di 6, ó sì di 5 fún àwọn tó ń wọlé ní 2026. Ní Texas A&M, yunifásítì ìjọba mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà, 10 ló ṣì wà. Ọmọ tó bá ń kàwé ní Atlanta tàbí Lọ́ńdọ̀nù ò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ààyè díẹ̀ tó kù ni yóò bá àwọn yòókù du.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ipò ọ̀hún? Kò sí ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé A nínú kíláàsì lásán jẹ́ 4, A nínú AP jẹ́ 5, torí AP le jù. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Ẹ wá wo ọmọbìnrin méjì. Èkíní ṣe AP mẹ́fà, A ló gbà nínú gbogbo rẹ̀: 30, pín in sọ́nà mẹ́fà, 5.0. Èkejì ṣe AP mẹ́fà kan náà, A ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn orin, ó wọ ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́, ó gba A níbẹ̀ náà. Kò sí AP nínú kíkọrin lẹ́gbẹ́, 4 ni wọ́n fún un. 34, pín in sọ́nà méje, ó di 4.857. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ jù, tí kò pàdánù A kankan, ni ìṣirò lé sẹ́yìn. Láàárín 5.0 àti 4.857 yẹn, odindi ìlà àwọn ọmọ lè wọlé sí iwájú rẹ̀.

Bí ọmọ ṣe ń fi fèrè sílẹ̀ nìyẹn, tó ń sá fún iṣẹ́ ọnà, tó ń lọ ṣe AP tí kò nífẹ̀ẹ́ sí. Ìwà òmùgọ̀ nìyẹn jẹ́ nínú ètò tó gbọ́n tó báyìí, àwọn agbalagba ló sì kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Àwọn ẹkùn kan ti rí i, wọ́n ń gba ọmọ láyè láti yọ orin tàbí eré ìdárayá kúrò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ọmọ tàbí òbí ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé béèrè kí ọjọ́ tó kọjá. Olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ ló yẹ kí wọ́n lọ bá ní kíláàsì kẹsàn-án, kì í ṣe kọkànlá: kíláàsì wo ló wọ inú ìṣirò? Ṣé Algebra I tí ọmọ ṣe ní kíláàsì kẹjọ wà níbẹ̀? Ṣé kíláàsì tí ọmọ ń ṣe pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú AP? Kí wọ́n sì rí i pé ọmọ wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Distinguished Level of Achievement, tí Algebra II wà nínú rẹ̀. Láìsí i, ipò kìíní pàápàá lè má ṣí ilẹ̀kùn, àfi bí SAT tàbí ACT ọmọ bá dé òdiwọ̀n tí òfin sọ.

Ká wá sọ pé ọmọ borí, ó dé ààfin. Ẹnu ọ̀nà ni òfin ṣí fún un, kò ṣí yàrá. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Cockrell, okòwò ní McCombs, àti kọ̀ǹpútà jẹ́ yàrá tí àwọn tó ń kàn án ju ìjókòó inú rẹ̀ lọ fíìfíì. Níbẹ̀ ni àròkọ, SAT àti ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ṣe ipò kìíní lè kọ kọ̀ǹpútà sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kó sì bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn.

Fún àwọn ọmọ Texas tí ààlà já sílẹ̀, UT máa ń fún àwọn kan ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní CAP: kí wọ́n lo ọdún kìíní ní ẹ̀ka mìíràn bíi San Antonio tàbí Arlington, kí wọ́n parí kírẹ́díìtì 30, kí GPA wọn, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì, má sì wálẹ̀ ju 3.2 lọ, kí wọ́n tó kó wá sí Austin. Liberal Arts, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bí èdè àti ìtàn, ni ìlérí yẹn dúró lé. Ẹni tó ń wá Cockrell tàbí McCombs yóò tún kọ fọ́ọ̀mù, yóò sì du tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù.